Téèpù Wà Lọ́rùn Mi, N Kò Jẹ́ Kí Wọ́n Wọn Ẹsẹ̀ Mi

Bí ẹ bá fẹ́ rí àgbà òmùgọ̀, ẹ yà sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹsẹ̀ òsì mi wà lórí àpótí, egbò yí abẹ́ orúnkún mi po bí ojú okùn, eruku sì ti bo ẹ̀rọ ìránṣọ mi nítorí n kò lè tẹ pẹ́dà mọ́. Ta ló fà á? Ìgbéraga mi ni, àti aláìmọ̀kan tí a fi ṣe alága ẹgbẹ́.

Ó ti pẹ́ tí iṣan ẹsẹ̀ mi ti ń ta kókó, tí ẹsẹ̀ ń wú bí ọjọ́ bá ti ń rọ̀. Dókítà ní kí n wá ìbọ̀sẹ̀ tó máa ń fún ẹsẹ̀ pinpin, kí ẹ̀jẹ̀ lè máa padà sókè. Ìyàwó ọmọ mi, nọ́ọ̀sì ará Èkìtì, ní, "Màámi, ẹ jẹ́ kí n wọn ẹsẹ̀ yín láàárọ̀, kó tó wú. Ìwọ̀n ọrùn ẹsẹ̀ ọ̀tọ̀, ìwọ̀n abẹ́ orúnkún ọ̀tọ̀." Mo bú sẹ́rìn-ín! Èmi tí mo ti ń wọn àyà àti ìdí ará Ìjẹ̀bú láti ogójì ọdún, ọmọ àná fẹ́ kọ́ mi ní wíwọ̀n? Mo ní kó gbé téèpù rẹ̀ lọ bá àwọn aláìsàn rẹ̀.

Ní ti Àlàájà alága wa, gbogbo ohun tí regbẹ́rẹ́gbẹ́ wa, ẹgbẹ́ àwa tí ọjọ́ orí wa dọ́gba, bá wọ̀ lọ kí Kábíyèsí lọ́jọ́ kẹta Iléyá gbọ́dọ̀ bára mu. Nígbà tó gbọ́ pé ẹsẹ̀ ń dun ọ̀pọ̀ wa, ó ra ìbọ̀sẹ̀ náà wá láti Èkó, àwọ̀ kan, ìwọ̀n kan! "Ẹni tí kò bá wọ̀ ọ́, kó má tò pẹ̀lú wa." Ìka ọwọ́ ò dọ́gba, ẹsẹ̀ ogún obìnrin ló wá dọ́gba? Ẹsẹ̀ Àlàájà rèé, tín-ín-rín bí ẹyọ ìgbálẹ̀. Èmi télọ̀, tí n kì í fi ìwọ̀n ẹnìkan ránṣọ fún ẹlòmíràn, mo gbà á, mo tún dúpẹ́.

Lọ́jọ́ ìkíni náà, ó há mi láti àárọ̀. Mo ká etí rẹ̀ wálẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó wá di okùn sí mi lẹ́sẹ̀ òsì tó wú jù. Ojú àwọn ẹgbẹ́ mi ò jẹ́ kí n bọ́ ọ. Nígbà tí ìyàwó ọmọ mi máa fi sísọ́ọ̀sì mi gé e kúrò ní ìrọ̀lẹ́, awọ bá a lọ. Àlàájà ránṣẹ́ pé iṣẹ́ ayé ni. Ayé kọ́, ìbọ̀sẹ̀ ni!

Àràárọ̀ ni ọmọ yìí ń kúnlẹ̀ wẹ egbò mi kó tó lọ síbi iṣẹ́. Kò sọ ọ́ rí pé, "Mo wí fún yín." Lánàá, ó mú téèpù ọrùn mi, ó wọn ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó kọ ọ́ sínú ìwé oníbàárà mi, mo sì na ẹsẹ̀ fún un wọ̀ọ̀. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Èmi nìkan ni mo fẹ́ dá tèmi. Mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni ìyá ọkọ ṣe ń bẹ ìyàwó ọmọ rẹ̀?