Agogo Líìfù Náà Ò Ké Mọ́

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbé báàgì yẹn sílẹ̀! Mi ò lọ sí ọsibítù kankan! Ṣé torí pé ọ̀gá mi pè yín lórí fóònù, ó ní orí àbúrò yín ti dàrú, lẹ fi ń kó aṣọ mi láìbi mí léèrè ohun tójú mi rí? Èmi! Èmi tẹ́ ẹ pọ̀n dàgbà! Ẹ jókòó, kí n rò ó fún yín látìbẹ̀rẹ̀, tó bá jẹ́ irọ́ ni mo pa, kí n má jèrè ìwé tí mò ń kà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn.

Oṣù mẹ́ta rèé tí wọ́n ti ní kí n lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá tó ń tún líìfù ṣe, ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn láti àjà kan dé èkejì, ní ilé alájà mẹ́sàn-án tí ọkọ yín ti ń ṣiṣẹ́. Èèyàn mẹ́wàá ni líìfù yẹn lè gbé. Tí ẹnì kọkànlá bá fi lè wọlé, agogo á ké, ilẹ̀kùn ò sì ní padé. Ojú mi báyìí ni èèyàn mẹ́rìnlá ṣe wọlé tí agogo ò ké! Ọ̀gá ní kiní tó ń wọn ẹrù nísàlẹ̀ ẹ̀ ló bàjẹ́, kí n pààrọ̀ ẹ̀. Mo pààrọ̀ ẹ̀. Lọ́sẹ̀ kejì, èèyàn mẹ́rìndínlógún wọlé, agogo ò ké! Ó ní olódo ni mí, kí n tún un pààrọ̀. Ìgbà mẹ́ta, ẹ̀gbọ́n! Nígbà tó sú mi, mo kó àpò yanrìn sínú ẹ̀, kò tíì kún dáadáa tí agogo fi ń han gooro. Yanrìn wúwo, èèyàn ò wúwo? Irú èèyàn wo nìyẹn?

Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn, ẹ jọ̀ọ́.

Lánàá, ní ọ̀sán gangan, mo gun òrùlé lọ wo ẹ̀rọ tó ń fa líìfù, mo bá àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé náà níbẹ̀. Akọ̀wé, lọ́yà, obìnrin tó máa ń gbàlejò nísàlẹ̀, wọ́n tò, wọ́n gbójú sókè, wọ́n lanu sílẹ̀, nǹkan kan sì ń ṣẹ́jú lójú ọ̀run, ó ń dá wọn lóhùn. Atẹ́gùn fẹ́ díẹ̀ báyìí, gbogbo wọn gbéra nílẹ̀ bí ọ̀rá! Iwin kọ́ o, àǹjọ̀nú kọ́, òkè níbi tójú ò tó ni wọ́n ti wá, wọ́n wá ń gbé àwọ̀ àwọn èèyàn wa wọ̀ bí ẹ̀wù. Obìnrin yẹn yíjú sí mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o." Ẹ kú iṣẹ́ kẹ̀! Àjà mẹ́sàn-án ni mo fi ẹsẹ̀ sá sọ̀kalẹ̀.

Mo sọ fún ọ̀gá, ó fi mí ṣẹ̀sín, ó lé mi, ó tún kọ̀wé sí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ọlọ́pàá ní kí n lọ sùn. Ta ló kù tí mo lè sọ fún? Wọ́n ń pọ̀ sí i, ẹ̀gbọ́n, àwa là ń dín kù!

Mo yá òṣùwọ̀n yìí lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì ilé kejì. Ẹ gùn ún, ẹ gbà mí. Mo dọ̀bálẹ̀... Háà! Abẹ́rẹ́ ẹ̀ yí! Kílò méjìléláàádọ́rin! Ọlọ́run mi o ṣeun, ẹ sanra, ẹ̀gbọ́n, ẹ sanra dáadáa!

Kí lẹ wá ń sunkún sí? Ẹ máà bínú, ayọ̀ ni mo... Ọkọ yín? Pé bẹ́ẹ̀dì kì í tẹ̀ mọ́ tó bá dùbúlẹ̀? Látìgbà wo? Ẹ wá rò pé ó kàn ń rù ni!

Ẹ ti pè é? Ó ń bọ̀ wá gbé wa? Mọ́tò ẹ̀ ló dúró nísàlẹ̀ yẹn? Yéè!

Ẹ nu ojú yín. Ẹ nu ojú yín kíákíá. Tó bá fi lè mọ̀ pé ẹ gbà mí gbọ́, ẹ̀yin náà ti lọ nìyẹn. Ẹ sọ fún un pé wèrè ni mí, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ pariwo ẹ̀, kó gbọ́ ọ látorí àtẹ̀gùn: wèrè ni àbúrò mi!