PA Lórí Káàdì

Lọ́dún tí ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ìbàdàn, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ obìnrin kan tó ń lu ihò sí káàdì tí ẹ̀rọ náà ń kà, àti ọ̀gá rẹ̀, níwájú mi lórí ìlà bọ́ọ̀sì ní Bẹẹrẹ láàárọ̀ ọjọ́ kan.

"Bọ̀ọ̀dá, káàdì tí mo lu ihò sí lánàá ni ò jẹ́ kí n sùn. Ṣebí iṣẹ́ tí ẹ̀rọ bá bá orúkọ rẹ̀ lórí káàdì àkọ́kọ́ ló máa ṣe?"

"Òun ni. Iṣẹ́ wo lo kọ síbẹ̀?"

"PA. Kó lè bá wa pa orúkọ àwọn ọmọ tó yege ìdánwò mọ́ sórí téèpù."

"Ta ló ní kí o kọ PA?"

"Mo gé e kúrú ni, sà. Pa mọ́."

"Iṣẹ́ kan ti ń jẹ́ PA nínú ẹ̀rọ yẹn tẹ́lẹ̀. Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ. Pa rẹ́ ni tèmi: gbogbo ohun tó bá wà lórí téèpù ló ń pa rẹ́."

"Yéè! Ṣé kò ní kọ́kọ́ bi wá ni?"

"Kì í bi èèyàn. Iṣẹ́ tó bá ṣáà ti ka orúkọ rẹ̀ ló máa ṣe. Aago mẹ́jọ ni wọ́n sì máa kó káàdì sí i lẹ́nu."

Wọn ò dúró de bọ́ọ̀sì mọ́. Eré ni wọ́n sá lọ.

Mi ò mọ ibi tó já sí. Ṣùgbọ́n títí dòní, bí mo bá ní kí wọ́n bá mi pa nǹkan mọ́, n kì í mí láàrin "pa" àti "mọ́".