Ìka Mi Wà Lábẹ́ Ìkòkò Náà

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ nígbà tí ẹnu mi ṣì lè sọ̀rọ̀. Dókítà ti wo àwòrán àyà mi, ó sì pe ọmọ mi sí kọ̀rọ̀. Wọ́n rò pé n kò gbọ́, ṣùgbọ́n etí ni mo fi jẹun láyé mi. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni ọ̀rọ̀ yìí ti wà níkùn mi. N kò fẹ́ gbé e wọlẹ̀.

Elétí-irin lẹ ń pè mí. Ìkòkò irin àtijọ́ ni mo ń rà tí mo sì ń tà, àwọn dúdú wúwo tí wọ́n yọ́ irin dà sínú yanrìn kó tó di ìkòkò. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, èmi ni mo kọ́ ara mi. Mo mọ̀ pé ìpẹtà kì í ṣe àrùn tó burú: ọṣẹ, òróró àti sùúrù á mú un kúrò, nítorí náà kò yẹ kéèyàn tìtorí rẹ̀ já iye ọjà lulẹ̀. Mo mọ̀ pé inú ti àtijọ́ máa ń dán torí pé wọ́n máa ń lọ̀ ọ́, ti òde òní sì máa ń rí ṣákaṣàka. Tí mo bá gbé ìkòkò lé orí dígí pẹrẹsẹ, tó bá ń yí bí òkòtó, ìdí rẹ̀ ti wú nìyẹn, ìdajì iye rẹ̀ ti lọ. Ṣùgbọ́n tó bá ti sán, kò kúkú níye lórí mọ́. Bí a ṣe ń mọ̀ ọ́n ni pé ká fi okùn so ó rọ̀, ká fi igi lù ú. Èyí tó pé á dún gooo bí agogo. Èyí tó sán á dún pọ́kú.

Ohun tí n kò sọ fún yín rí nìyí. Bí èèyàn bá gbé ìkòkò tó pé sórí àtẹ́lẹwọ́, tó fi ìka tẹ ikùn rẹ̀ lábẹ́, òun náà á dún pọ́kú. Wẹ́dà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kángun sí tèmi ló fi hàn mí. Ó tẹ̀ ẹ́, ó ní, "Mo ti pa á!" Ó gbé ìka kúrò, ó ní, "Mo ti jí i dìde!" A rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wa. Eré ni lọ́wọ́ tirẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyá àgbà kan ránṣẹ́ pè mí. Òun àti ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ló ń gbé. Ọmọ yìí ló ń wẹ̀ ẹ́, tó ń sebẹ̀ fún un. Màmá nawọ́ sí ìkòkò kan nílẹ̀. "Ìyá mi ló fi lé mi lọ́wọ́. Apá mi ò gbé e mọ́." Ó fẹ́lẹ́, ó dán, àpá ibi tí wọ́n gbà da irin sínú rẹ̀ hàn gbangba lábẹ́. N kò tíì rí irú rẹ̀. Iye tí Màmá dá lé e tọ́, mo sì mọ̀ pé ó tọ́. Ojúkòkòrò mi ni kò jẹ́ kó tọ́.

Mo gbé e lé ọwọ́, mo lù ú. Pọ́kú.

"Ó ti sán, Mà."

Mo rò pé kò ju pé kí ó dín iye rẹ̀ kù lọ. Ṣùgbọ́n Màmá kọjú sí ilé ìdáná. "Ìwọ! Ìgbà wo lo jù ú lulẹ̀?"

Ọmọ náà jáde pẹ̀lú ọwọ́ tútù. "Mi ò jù ú rí, Màámi."

"Ta ló wá jù ú? Èmi tí mi ò lè dìde? Ṣé irin ló ń purọ́ mọ́ ọ ni?"

Ọmọ náà yíjú sí mi. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un lù. Bóyá ẹ ò lù ú dáadáa."

Kí n gbé ìka kan péré kúrò, òun ni gbogbo ohun tó kù. Mo tún un lù, mo sì tẹ̀ ẹ́ le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo wá fi kún un, èmi ẹni burúkú, pé, "Ó jọ pé ó bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan."

Ọmọ náà nu ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Mo ti gbọ́," ló wí.

Iye àlòkù irin ni mo fi gbé e lọ. Wẹ́dà so ó rọ̀, ó lù ú: gooo. Kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. "Dá a padà," ló wí. Mo ní ó di ọ̀la. Nígbà tí mo máa fi padà lọ, oṣù mẹ́rin ti kọjá. Ayálégbé tó ti kó síbẹ̀ sọ fún mi pé ọmọ ti kẹ́rù kúrò lọ́sẹ̀ tí ìkòkò jáde nílé, àti pé wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́ títí Màmá fi kú.

N kò tà á. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ yìí, ẹ fi okùn so ìkòkò rọ̀, kí ẹ sì fún ẹni tó ń tà á ní igi, kó lù ú fúnra rẹ̀. Kí ọwọ́ yín méjèèjì wà níbi tójú rẹ̀ ti lè rí i.

Ọmọ Màmá, bí ọ̀rọ̀ yìí bá dé etí rẹ níbikíbi, ìkòkò yín wà lórí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ṣọ́ọ̀bù mi. Mo bẹ̀ ọ́, dárí jì mí. Bí o kò bá lè ṣe é, ṣáà wá, kí o mú igi, kí o lù ú. Kí etí tìrẹ gbọ́ ọ pé o kò jù ú.