Bí Màámi Ṣe Wọ Ẹrù Wọn Wá sí Torino

Nígbà tí èmi náà ṣì wà lọ́mọge, tí mo lè gun àtẹ̀gùn dé àjà kẹrin láì dúró mí… Ìrètí, ṣé ó ti ń gba ohùn mi sílẹ̀? Ó ń gbà á? Ó dáa.

Táyọ̀, ìyá ẹ nìyí. A wà ní kíṣìnnì ní Padova níbí, bàbá yín jókòó síwájú mi, wọ́n ń mu tíì. Àbúrò ẹ ló di fóònù mú. Ó ní o sọ pé o ò ní lè wá ní Kérésìmesì, pé tíkẹ́ẹ̀tì láti Chicago sí Milano ti wọ́n jù, pé èyí tó pọ́ọ́kú níbẹ̀, wọn ò gbà kéèyàn gbé àpótí, àfi báàgì kékeré. Mo gbọ́. N ò bá ẹ jà. Ìtàn ni mo fẹ́ sọ fún ẹ. Jókòó.

Torino là ń gbé nígbà yẹn, kí iṣẹ́ tó gbé wa wá sí Padova. Ẹ̀yìn ọjà Porta Palazzo nilé wa wà, àjà kẹrin, kò sí ascensore, ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn ròkè. Bàbá yín ń ṣiṣẹ́ ní fábíríkà, wọ́n ń kun ilẹ̀kùn mọ́tò lọ́dà. Èmi ń tọ́jú ìyá arúgbó kan, kí n tó lóyún. Ìwọ loyún yẹn, Táyọ̀.

Ẹ gbọ́, oyún kan ti bàjẹ́ lára mi ṣáájú rẹ. Ìrètí, má wò mí báyẹn, o ti dàgbà, o lè gbọ́ ọ. Nítorí náà, nígbà tí tìrẹ dé, dókítà ní kí n dùbúlẹ̀. Kí n má gun àtẹ̀gùn, kí n má gbé nǹkan. Ta ló máa wá dúró tì mí? Bàbá yín ń jáde nílé kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ̀rù ń bà mí… ẹ̀rù bà mí gan-an. Mò ń dá wà nínú yàrá, mò ń gbọ́ ariwo àwọn tó ń tajà nísàlẹ̀, mò ń sunkún. Màámi nìkan ni mo fẹ́.

Níbo ni màámi wà? Amẹ́ríkà! Àbúrò mi Kúnlé ló mú wọn láti Iléṣà lọ sí Baltimore, kí wọ́n lè bá ìyàwó rẹ̀ tọ́mọ. Kúnlé ti bá wọn gba físà Italy lọ́hùn-ún, àmọ́ físà yẹn ní ìgbà tó máa kú, wọ́n gbọ́dọ̀ wọ̀lú kí oṣù Agosto tó parí. Agosto! Ṣé ẹ mọ Agosto? Gbogbo Amẹ́ríkà ló fẹ́ wá wo Venezia, kí wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi, kí wọ́n ya fọ́tò. Tíkẹ́ẹ̀tì wá gbówó lórí bí ẹni pé ọkọ̀ òfurufú fúnra rẹ̀ lẹ fẹ́ rà.

Ẹ̀yin tòde òní, ẹ kàn máa fi àtàǹpàkò kan fóònù, tíkẹ́ẹ̀tì á máa jáde bí omi, ẹ tún máa ráhùn. Ní tiwa ńkọ́? Bọ̀dá Délé, ẹ sọ fún wọn. Bàbá yín kàn ń mu tíì wọn. Bàbá yín á ti ibi iṣẹ́ dé, wọn ò ní bọ́ bàtà, iwájú Televideo ni wọ́n ń lọ tààrà. Ojú ìwé dúdú kan tó máa ń yọ lórí tẹlifíṣọ̀n ni, wọ́n á kọ owó ọkọ̀ òfurufú sí i. Ó máa ń yí fúnra rẹ̀. Bó bá yí kọjá kó o tó kà á tán, àfi kó o dúró kó tún rìn yí po kó tó padà dé. Bàbá yín á jókòó síbẹ̀, bírò létí, wọ́n á máa bú tẹlifíṣọ̀n.

Ẹ bá mi bi wọ́n, tíkẹ́ẹ̀tì wo ni wọ́n rí níbẹ̀? Èyí tó ń ti Milano lọ sí New York! Wọ́n wò ó wò ó, ó ku díẹ̀ kí wọ́n lọ rà á, ni mo bá ní, "Bọ̀dá Délé, ìyá tí à ń wá yìí, ṣé ibí ni wọ́n wà ni àbí ọ̀hún?"

Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ẹ wò wọ́n.

Kúnlé náà ò sinmi lọ́hùn-ún. Ó ń ka àwọn ìpolówó kéékèèké inú ìwé ìròyìn, ó ń pe àwọn tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì lọ́kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ kan ó pè mí, inú rẹ̀ ń dùn. Ó ní òun ti rí èyí tó pọ́ọ́kú: kí màámi wọ ọkọ̀ láti Amẹ́ríkà lọ sí Èkó, kí wọ́n sùn níbẹ̀, kí wọ́n tún wọ òmíràn láti Èkó wá sí Roma. Mo ní, "Kúnlé, o fẹ́ kí màámi lọ kí àwọn ará Iléṣà ná, kí wọ́n tó rántí mi?" Ó bínú, ó gbé fóònù sílẹ̀.

Ẹnì kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló wá júwe ọ̀nà fún un. Ẹ gbọ́ bó ṣe rí. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan wà nígbà yẹn tó ń bá èèyàn fi ìwé ránṣẹ́ ní kíákíá láti Amẹ́ríkà sí Yúróòpù. Wọ́n á wá ẹni tó ń rìnrìn àjò, wọ́n á ta tíkẹ́ẹ̀tì fún un ní ẹ̀dínwó gidi. Àmọ́ àyè ẹrù rẹ̀ nínú ọkọ̀ òfurufú, wọ́n ti gbà á nìyẹn. Ìwé tiwọn ni wọ́n máa kó síbẹ̀. Òun á kàn mú báàgì ọwọ́ kan dání. Ohun tí ò ń ráhùn sí lónìí yẹn, Táyọ̀, ó ti wà kí wọ́n tó bí ẹ.

Mo fò sókè lórí bẹ́ẹ̀dì. Dókítà sì ti ní kí n má fò! Mo ní kí Kúnlé gbé fóònù fún màámi.

"Kí ni wọ́n ní n ò gbọdọ̀ gbé?"

"Ẹrù, màámi."

"Ẹrù wo?"

"Gbogbo ẹ̀, màámi. Àfi báàgì ọwọ́."

Wọ́n ní, "Àdùkẹ́, kí n wá tọ́jú ọmọ mi tó fẹ́ bímọ, kí n kàn máa ju apá bọ̀? Kí ni mo fẹ́ fi wẹ ọmọ? Kí ni mo fẹ́ fi pọ̀n ọ́n? Kí ọkọ ẹ wá wo ọwọ́ mi, kó wo ẹ̀yìn mi, kó má rí nǹkan kan?"

Mo ní, "Màámi, ọṣẹ wà ní Torino."

"Irú ọṣẹ wo?"

Wọ́n ní àwọn ò lọ, ìyá tó bá mọ nǹkan tó ń ṣe kì í lọ sírú ibẹ̀ lọ́wọ́ òfìfo. Wọ́n gbé fóònù padà fún Kúnlé.

Hẹ̀n… mo sunkún lọ́jọ́ yẹn. Mo rò ó pé màá bí ọmọ yìí lémi nìkan, tàbí kí n má bí i rárá. Bàbá yín dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wò mí. Wọ́n bá lọ din ẹyin. Ẹyin, ẹ gbọ́! Mo jẹ ẹ́ ṣá.

Lọ́jọ́ kejì, fóònù dún. Màámi ni. Wọn ò tiẹ̀ kí mi. Wọ́n ní, "Mo ti ní kí Kúnlé tún bi wọ́n dáadáa. Wọ́n ní n ò gbọdọ̀ gbé ẹrù. Wọn ò sọ pé n ò gbọdọ̀ wọṣọ."

Ìrètí ní, "Mamma, è troppo lungo." Ó ní ó ti gùn jù. Ṣé èmi ni mo ní kí o máa gbá fóònù mú látàárọ̀? Dì í mú jàre.

Ọjọ́ tí wọ́n máa dé, bàbá yín gba àyè níbi iṣẹ́, wọ́n wọ rélùwéè dé Novara. Bọ̀dá Sunday, ọ̀rẹ́ wọn tó ń gbé níbẹ̀, ló fi mọ́tò gbé wọn dé Malpensa, pápákọ̀ òfurufú Milano. Ẹ rántí pé bàbá yín ò rí màámi rí láyé. Torino la ti pàdé, ṣọ́ọ̀ṣì wa níbẹ̀ la ti ṣègbéyàwó. Mo ti sọ fún wọn: "Ẹ máa wojú obìnrin àgbà, tó tín-ín-rín, tó so nǹkan mọ́rí, tó mú báàgì kékeré dání." Bí wọ́n ṣe máa dọ̀bálẹ̀ kí ìyá ìyàwó, wọ́n ti ń kọ́ ọ sílẹ̀ nínú pálọ̀ wa ṣáájú. Mo wà lórí bẹ́ẹ̀dì, mò ń gbọ́ gbìì, gbìì.

Bọ̀dá Sunday ló sọ èyí tó kù fún mi, torí tó bá jẹ́ ti bàbá yín ni, n ò ní gbọ́ ọ títí ayé. Ilẹ̀kùn ṣí. Obìnrin kan jáde, aláwọ̀ dúdú, àgbà, tín-ín-rín, síkáàfù lórí, báàgì kékeré lọ́wọ́. Bàbá yín ò bèèrè orúkọ. Gbàgà! Wọ́n na ara wọn gbalaja sílẹ̀ẹ́lẹ̀ Malpensa pẹ̀lú kóòtù ìgbéyàwó wọn, wọ́n ní, "Ẹ káàbọ̀ mà! Ẹ kú ìrìn àjò mà!"

Obìnrin yẹn figbe ta. Ọmọ Amẹ́ríkà ni! Venezia ló ń bọ̀ wá wò! Ó rò pé ọkùnrin yìí ti dákú. "Doctor! Doctor!" Àwọn èèyàn ti ń sáré bọ̀, ẹnì kan ti ń tú táì bàbá yín, ẹlòmíràn ti gbé omi dé. Bàbá yín ò sì dìde, torí wọ́n ṣì ń retí kí ìyá ìyàwó ní kí wọ́n dìde!

Bàbá yín ní irọ́ ni, pé àwọn ti ń dìde bọ̀. Ẹ má dá wọn lóhùn.

Lẹ́yìn àwọn èèyàn yẹn, obìnrin kan dúró síbẹ̀ tó sanra tó ẹnu ọ̀nà, ó wọ kóòtù òtútù nínú ooru Agosto, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀. Bọ̀dá Sunday ní òun rí i, òun kàn ṣàánú rẹ̀ ni. Obìnrin náà na ọrùn, ó wo ẹni tó wà nílẹ̀, ó ní ní Yorùbá, "Ọmọ ta ni wọ́n ń da omi sí lára yìí? Àbí ọkọ Àdùkẹ́ nìyẹn?"

Màámi ni! Wọn ò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ torí aṣọ. Wọ́n dúró gan-an-ran, wọ́n ní, "Dìde, ọkọ ọmọ mi. Èmi ló yẹ kó o kí. Àmọ́ o mọ ìdọ̀bálẹ̀ ṣe, mo rí i." Láti ọjọ́ yẹn, "Àna ará Amẹ́ríkà" ni wọ́n ń pe bàbá yín.

Mo gbọ́ mímí màámi lórí àtẹ̀gùn kí n tó gbọ́ ohùn wọn. Wọ́n wọlé, èmi gan-an ò kọ́kọ́ mọ̀ wọ́n. Mo fẹ́ dìde kúnlẹ̀, wọ́n ní, "Má dìde. Jẹ́ kí n tú ẹrù." Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ aṣọ. Nínú àpò kóòtù, ọṣẹ dúdú, òrí, kànìnkànìn, àti irú ọbẹ̀ tí wọ́n fi ọ̀rá wé léraléra kó má bàa rùn. Ó rùn. Ìró jáde, ìró tún jáde. Ọ̀já ìpọ̀nmọ wà níbẹ̀, wọ́n wé e mọ́ àyà. Àwọn àdìrẹ tí mo fi sílẹ̀ nílé lọ́jọ́ tí mo ń bọ̀ ní Italy, wọ́n ti gbé wọn láti Iléṣà lọ sí Baltimore, wọ́n tún wọ̀ wọ́n wá fún mi. Mo rẹ́rìn-ín títí, mo fọwọ́ di ikùn mú kí ìwọ má bàa jáde.

Ìgbà tó wá ku bùbá kan ṣoṣo lára wọn, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi. Màámi ti rù. Abẹ́ gbogbo aṣọ yẹn, èèyàn kékeré báyìí ló wà níbẹ̀. Mo ní, "Màámi, èwo ni tiyín nínú àwọn aṣọ yìí?"

Wọ́n wo òkìtì aṣọ nílẹ̀. Wọ́n ní, "Àyè ò sí mọ́."

Aṣọ mi ni wọ́n ń wọ̀ títí tí wọ́n fi lọ. Wọ́n sè fún mi, wọ́n gbàdúrà lé mi lórí láàárọ̀ lálẹ́, ẹ̀rù ò bà mí mọ́. A bí ẹ láyọ̀, ibẹ̀ lorúkọ ẹ ti wá. Wọ́n ń wẹ̀ ẹ́, wọ́n ń na apá ẹ, wọ́n ń na ẹsẹ̀ ẹ, ò ń ké tó bẹ́ẹ̀ tí signora, ìyá tó ń gbé nísàlẹ̀ wa, fi sáré gòkè wá, ó rò pé à ń pa ọmọ. Màámi gbé ẹ fún un, ọwọ́ rẹ̀ lo ti sùn lọ.

Ìgbà tí ọjọ́ tí wọ́n fún wọn láti lò ní Italy pé, mo pọ̀n ẹ́ lọ sin wọ́n ní Malpensa. Mo ní, "Màámi, lọ́dún tó ń bọ̀, màá gbé e wá sí Iléṣà." Wọ́n ní, "Ọdún tó ń bọ̀ dáa."

Ọdún tó ń bọ̀ dé, permesso mi, ìwé àṣẹ ìgbélùú, ò tíì jáde. Òmíràn dé, mo ti lóyún Ìrètí. Òmíràn dé, tíkẹ́ẹ̀tì wọ́n. Kò sí èyí tí kò ní ìdí nínú wọn, ìdí gidi ni gbogbo ẹ̀. Kúnlé ló wá pè mí lọ́jọ́ kan. N ò rí màámi mọ́ láyé.

Ayé ti yí o… Ọkọ̀ òfurufú wá pọ̀ ju ti ìgbà yẹn lọ, èèyàn tún wá ṣọ̀wọ́n síra wọn. N ò mọ bó ṣe jẹ́.

Táyọ̀, Ìrètí ní o ní "l'anno prossimo", ọdún tó ń bọ̀. N ò ní gbà á. Ra èyí tó pọ́ọ́kú yẹn. Má gbé àpótí, má ra nǹkan kan bọ̀, ilé wa ti kún. Ojú ẹ ló ń wù mí láti rí, kí n fọwọ́ kàn ẹ́.

Ìrètí, fi ránṣẹ́. Má jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Fi ránṣẹ́.