Orúkọ Tí Mo Fún Ọkùnrin Inú Ìwé

Ẹ gbé àpò yẹn kalẹ̀ ná, Àǹtí, aṣọ inú rẹ̀ ò ní sá lọ, àbúrò yín tó jẹ́ ọkọ mi náà ò tíì lọ, ó ṣì wà lẹ́yìnkùlé níbẹ̀ yẹn tó ń fi ìwé ìròyìn wé gíláàsì bí ẹni ń wé ọmọ tuntun. Ẹ jókòó kí ẹ gbọ́ tẹnu tèmi. Ẹ ti gbọ́ tiẹ̀. Mo mọ̀ pé kò sọ̀rọ̀ púpọ̀, ìyẹn gan-an ló burú, ká ní ó sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni, à bá ti jà, à bá sì ti parí ẹ̀. Ó ní kí ẹ wá bá òun kó aṣọ, òun ti gba iṣẹ́ fèrèsé ilé alájà kan ní ìlú mìíràn, òun ò sì mọ ìgbà tí òun máa dé. Iṣẹ́ fèrèsé wo ni èèyàn ń ṣe tí kò ní mọ ìgbà tó máa parí? Fèrèsé kì í ṣe òkun, ó lóǹkà.

Nítorí orúkọ, Àǹtí. Orúkọ lásán. Ẹ bi mí pé ọkùnrin wo, mo ní kò sí ọkùnrin kankan, inú ìwé ni ọkùnrin náà wà, kò jẹun rí, kò mumi rí, kò mọ ọ̀nà ilé yìí. Ẹ má fi ojú yẹn wò mí.

Ẹ ò mọ bí iṣẹ́ ìwé kíkọ yìí ṣe rí ni. Ẹni tó bá ń ka ìtàn ìfẹ́ máa rò pé orúkọ kàn ń já bọ́ látòkè ni. Bí mo bá fẹ́ fún ọkùnrin inú ìwé lórúkọ, ilé ìdáná ni mò ń lọ. Màá dúró lẹ́nu ọ̀nà, màá pè é bí ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ ti ń tutù. Màá tún pè é bí ẹni tó ṣẹ̀ mí. Màá wá pè é jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹni tó fẹ́ máa lọ tí mi ò sì fẹ́ kó lọ. Orúkọ tí kò bá gba ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo ti sọ ọ́ nù. Àwọn ará ilé rò pé orí mi ti dàrú. Orúkọ ọ̀dàlẹ̀ wá ńkọ́? Ìyẹn ló le jù, torí kò gbọdọ̀ jẹ́ ti ẹbí, kò gbọdọ̀ jẹ́ ti ẹni tí a jọ ń gbàdúrà, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ti onílé. Mo fi ìnagijẹ onílé wa àtijọ́ fún ọkọ burúkú kan nígbà kan, ìyàwó onílé ló wá bá mi nílé, mo rò pé ìjà ló bá wá, àṣé ó wá dúpẹ́ ni. Bí ti ọkùnrin bá gùn, ti obìnrin gbọ́dọ̀ kúrú, kí ẹnu má baà rẹ òǹkàwé. Mo máa ń lọ jókòó síbi tí wọ́n ti ń gba káàdì ní ọsibítù, láìṣàìsàn, kí n lè gbọ́ bí nọ́ọ̀sì ṣe ń pe orúkọ èèyàn. Iṣẹ́ ni, Àǹtí. Mi ò jí nǹkan ẹnikẹ́ni.

Ó dáa. Mo jí ọ̀kan.

Olóòtú mi ló fà á, ọkùnrin kan báyìí tí ara rẹ̀ kì í balẹ̀. Ìwé ti fẹ́ wọ ẹ̀rọ, ó pè mí lórí fóònù, ó ní orúkọ tí mo fún ọkùnrin mi dà bí orúkọ agbowó-orí, pé kò sí obìnrin tó máa sunkún nítorí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí n fún òun ní òmíràn kíákíá, àwọn atẹ̀wé ti dúró. Irin ìlọṣọ wà lọ́wọ́ mi kan, fóònù wà létí, ṣẹ́ẹ̀tì àbúrò yín ló wà níwájú mi, èyí tí kọ́là rẹ̀ ti ń já yẹn. Mo ya ẹnu. Ohun tó jáde ni Amúmọ́lẹ̀wá.

Ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ mọ̀ ọ́n dáadáa, ẹ̀yin lẹ máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà yẹn pé ìyàwó wa tún ti ń pe Amúmọ́lẹ̀wá rẹ̀. Ìgbà tí mo ṣì ń tẹ̀wé fún lọ́yà ni, nínú yàrá tí wọ́n fi pákó kan fèrèsé rẹ̀ pa. Àbúrò yín wá, ó yọ pákó, ó fi gíláàsì sí i, ìmọ́lẹ̀ bá mi níbi tí mo jókòó sí, mo sì rí gbogbo àṣìṣe tí mo ti ń tẹ̀ látọjọ́ yìí, mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ẹ ṣé o, Amúmọ́lẹ̀wá." Díẹ̀ ló kù kó ré bọ́ lórí àkàbà.

Olóòtú ní, "Níbo lẹ ti ń gbé eléyìí pa mọ́ sí?" Inú mi dùn. Kí n má purọ́ níwájú yín, inú mi dùn débi pé mo jó ṣẹ́ẹ̀tì náà níhò. Mo sọ fún ẹni tó ni ín pé iná ló gbóná jù.

Mo lè pe olóòtú padà. Fóònù ò kú. Mo ní n óò pè é bí mo bá lọ aṣọ tán, mo lọ aṣọ tán, mo ní ó di ìgbà tí àwọn ọmọ bá dé, àwọn ọmọ dé. Ṣé mo gbàgbé ni? Mi ò gbàgbé. Mò ń gbọ́ ọ lọ́kàn mi bó ṣe máa dún nínú ìwé, ó ń dùn mọ́ mi. Kò sí orúkọ kan tí mo pè lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná rí tó dún tó o. Kí ni kò ní jẹ́ kó dún? Ẹnu ìfẹ́ ló ti wá.

Àbúrò yín kì í ka ìwé mi. Ó ní òun mọ bó ṣe máa ń parí. Nígbà tí ìwé jáde, orí àkàbà ló wà lọ́jọ́ kan nílé oníbàárà kan, tó ń gbé gíláàsì sójú fèrèsé, ìyá ilé náà àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ jókòó nísàlẹ̀, wọ́n ń ka ìwé síra wọn létí. Ọ̀kan ní, "Ọ̀rẹ́, bí mo bá rí Amúmọ́lẹ̀wá yìí, màá fi bàbá ilé yìí sílẹ̀ láìwọ bàtà." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ẹni tó ni orúkọ wà lókè orí wọn, wọ́n ní kó jọ̀ọ́, kó má gbọn eruku sí àwọn lára.

Ó délé, kò pariwo. Ó gbé ìwé náà sórí tábìlì, ó lọ rà á ni o, Àǹtí, ó lọ fowó ra ìwé ìyàwó ara rẹ̀, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, mà." Mà. Láti ìgbà náà, mà ni mò ń jẹ́. Ẹ káàárọ̀, mà. Oúnjẹ ti tó, mà. Ilé iṣẹ́ rẹ̀ ló ń sùn, láàárín gíláàsì. Mo bínú. Mo ní, "Ṣé mo sọ pé ẹ̀yin ni?" Ọkùnrin inú ìwé ga, ó pupa, ó ní mọ́tò. Àbúrò yín ní, "Mo mọ̀ pé kì í ṣe èmi. Ìdí tó fi ń dùn mí nìyẹn." Ó wá ní, "Ìgbà wo lo pè mí bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn?"

Mo wá ìgbà náà títí, Àǹtí, mi ò rí i. Nígbà tí àkọ́bí dé, ó di bàbá ọmọ. Lẹ́yìn náà ó di Dádì, bí àwọn ọmọ ṣe ń pè é. Lẹ́yìn náà ó di "ẹ gbọ́ ná". Ní báyìí mo kàn máa ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ni, ó sì máa mọ̀ pé òun ni. Ọkùnrin inú ìwé ńkọ́, ibo ni mi ò ti pè é? Mo pè é nínú òjò, mo pè é ní ibùdókọ̀, mo pè é lórí ibùsùn nígbà tí ibà ń ṣe é, mo fi aṣọ tútù nu iwájú orí rẹ̀. Nígbà tí ibà ṣe àbúrò yín, mo ní, "Ẹ ti lo oògùn?", mo sì padà sídìí ọkùnrin kejì, kí ibà má baà pa á.

Ẹ sọ̀rọ̀ kẹ̀. Ẹ bú mi. Ẹ má mi orí sí mi báyẹn, ìyẹn ń dùn mí ju èébú lọ.

Mo pe olóòtú láàárọ̀ yìí, mo ní kó yọ orúkọ náà, kó fi ti agbowó-orí padà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìwé ti dé ọwọ́ àwọn èèyàn, ta ló máa lọ gbà á lẹ́nu wọn? Kí ehín máa ro ọkùnrin yẹn. Mo sì ti pe àbúrò yín fúnra rẹ̀, ẹ má rò pé mi ò gbìyànjú. Mo ní, "Amúmọ́lẹ̀wá." Kò gbójú sókè, ó ní, "Èwo nínú àwa méjèèjì?" Èyí tó wá burú jù ni pé èmi náà ò mọ̀. Bí mo ṣe pè é, ọkùnrin gíga pupa yẹn ló yọ sí mi lọ́kàn, tòun ti mọ́tò rẹ̀. Mo ti lo orúkọ náà gbó.

Torí náà, mi ò ní kí ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Òmíràn ni kí ẹ fún mi. Ẹ̀yin lẹ pọ̀n ọ́n. Kí lẹ máa ń pè é nígbà tó wà lẹ́yìn yín, kí èmi tó dé, kí ìwé tó dé? Mi ò ní kọ ọ́. Bí mo bá kọ ọ́, kí ọwọ́ yìí rọ. Mo mọ̀ pé ìbúra ẹni tó ń fi irọ́ jẹun ò nípọn, ẹ ṣáà sọ ọ́. Ẹ sọ ọ́ sí mi létí.

Kí lẹ ní?

Elétí-ehoro?

Àǹtí, ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ ẹkún là ń sọ. Elétí-ehoro. Òótọ́ ni o, etí yẹn, ó máa ń mì bó bá ń gbé ẹ̀rín mì. "Elétí-ehoro fà á mọ́ra, ó ní òun ò ní fi í sílẹ̀ láé." Olóòtú á fi ìwé náà gbá mi lórí. Kò sí obìnrin kan tó máa ka ìyẹn kó mí kanlẹ̀. Kò sí ẹni tó máa bá mi du eléyìí láyé yìí.

Ẹ dákẹ́ ẹ̀rín, ẹ jẹ́ n ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé.

Elétí-ehoro. Elétí-ehoro mi, jọ̀ọ́.

Kò gbójú sókè. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, Àǹtí, ẹ wá wò ó. Etí rẹ̀ ti ń mì.