Ìbejì Tí Mo Tẹ̀lé Wáyé

Ẹ bá mi hó ìhó ayọ̀ sí Ọba tí kì í gbàgbé ọmọ! Halelúyà!

Ẹ̀yin ará, Ìdòwú lorúkọ mi. Àbúrò mi, Àlàbá, ló jókòó síbẹ̀ yẹn. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni wá. Ẹ ó bi mí pé, ìbejì tí mo tẹ̀lé dà? Èmi náà bi Màámi títí, ẹkún ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti se ẹ̀wà, wọ́n á bu àwo méjì sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, wọn ò ní jẹ́ ká fọwọ́ kàn án. Pásítọ̀, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ o, òótọ́ ni mò ń sọ.

Lọ́dún yìí, Màámi ò jẹun mọ́. Dókítà ní, "Àyẹ̀wò ò rí nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ kan ló ń jẹ màmá yín lọ́kàn. Ẹ tètè wá a." Ẹ̀rù bà mí! Màámi ń kú lọ lójú wa. Mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: "Ẹ̀pẹ́."

Mọ́tò Àlàbá ti gbó, kò sówó àtúnṣe, omi la ń bù sí i lọ́nà Ẹ̀pẹ́. Láti Adéníji Adélé ni Màámi ti ń fọwọ́ tì mí. "Sún, Ìdòwú. O jókòó lé Táyé." Àwa méjì péré la wà lẹ́yìn ọkọ̀! Orí mi wú. Jésù!

Ìgbà tí a kọjá Lẹ́kí ni wọ́n tó là á yé wa. "Táyé kú lọ́wọ́ mi. Kí ikú má baà mú Kẹ́hìndé náà, ìyá bàbá yín gbé e lọ fún ẹbí wọn ní Ẹ̀pẹ́. Wọ́n ní ọjọ́ tí mo bá fojú kàn án ni yóò kú."

A béèrè dé agboolé náà lẹ́bàá ọ̀sà. Màámi ò sọ̀ kalẹ̀, wọ́n fi gèlè bojú. Obìnrin kan ń yan ẹja níwájú ilé. Ó gbójú sókè. Ojú Màámi ni! Ó wò mí, ó wo Àlàbá.

"Ìdòwú," ló wí. "Àlàbá."

Kò sẹ́ni tó dárúkọ wa fún un! Ó ní, "Kẹ́hìndé ni wọ́n ń pè mí. Mo ti mọ̀ pé ẹ ó wà níbìkan."

Ó lọ bá wọn nínú mọ́tò. "Màámi, ẹ ṣíjú."

"Wàá kú!"

"Ikú ò sí lójú ìyá mi."

Màámi ṣíjú. Kẹ́hìndé ò kú! Ẹ ṣé, Bàbá! Ẹ ṣé o! Ọjọ́ náà ni Màámi jẹun, ẹja gbígbóná, láti ọwọ́ ọmọ wọn.

Ẹ̀yin tí ohun tí a kì í dárúkọ bá wà nílé yín, ẹ dárúkọ rẹ̀. Ọlọ́run á bá yín dé ibẹ̀. Màámi ṣì ń bu ẹ̀wà sẹ́nu ọ̀nà, àwo kan ló kù. Bí mo bá ti ń wọlé, mo máa ń kí Táyé: "Ẹ kú ilé o."

Mo dúpẹ́. Màámi dúpẹ́. Àlàbá àti Kẹ́hìndé dúpẹ́. Táyé náà dúpẹ́.