Ògiri Tí Ṣówándé Mọ, Tó sì Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Wó

Ní ayé àtijọ́, nígbà tí ìlú yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbòòrò, ọ̀mọlé ni Ṣówándé tó tẹ agboolé wa dó. Ó ń mọlé fún gbogbo ayé, ó ń mọlé fún olóyè, abẹ́ àtíbàbà lòun àti aya rẹ̀ ń sùn. Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, àbí? Ẹ máa rẹ́rìn-ín lọ.

Ìlú wá fẹ́ kọ́ ilé ẹ̀kọ́. Tolówó tòtòṣì ló jáde, gbogbo wọn jọ tẹ amọ̀. Nígbà tó ku òrùlé, Olóyè Lísà pe Ṣówándé.

“Mọ ògiri kan sí àárín ilé náà. Ọmọ tiwa á wà lọ́dọ̀ olùkọ́, ọmọ àwọn aláàárù á wà lódìkejì. Bí o bá ṣe é, ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ọjà yẹn di tìrẹ.”

Ilẹ̀! Fún ẹni tó ń sùn lábẹ́ àtíbàbà! Ṣówándé mọ ọ́n. Mi ò ní torí pé bàbá wa ni kí n purọ́ fún yín, ó mọ ọ́n.

Wọn ò tíì bo ilé náà tí olùkọ́ fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Lọ́jọ́ kejì, Ṣówándé bá ọmọbìnrin aláàárù kan tó fi etí lẹ ògiri náà. Amọ̀ tútù ti kun ún létí.

Ọmọ náà ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n ń sọ lọ́hùn-ún?”

Áà! Ó dùn ún dọ́kàn. Ó gbé ọkọ́, ó wó ògiri náà palẹ̀.

Lísà pariwo: “Ṣé orí ẹ dàrú ni? Òjò ń ṣú! Màá pe ọ̀mọlé mìíràn!”

“Ẹ pè é, bàbá. Ọ̀mọlé kì í parí iṣẹ́ ọ̀mọlé tó ṣì wà láàyè, èèwọ̀ wa ni. Èmi náà ò sì ní bo ilé náà, àfi tí gbogbo ọmọ bá jọ jókòó. Ọmọ tí a ò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.”

Lísà wo ojú ọ̀run, ó wo ògiri tí òjò fẹ́ wó, ó gbà tipátipá. Ni gbogbo ìlú bá jọ gbé koríko, wọ́n bo ilé kí òjò tó dé. Ṣówándé pàdánù ilẹ̀ Lísà. Àmọ́ àwọn aláàárù fún un ní ibi tí wọ́n ti ń sọ ẹrù láti sinmi. Òun la jókòó sí yìí.

Ìdí nìyẹn tí ìyá kankan nílé wa kì í fi mú ọmọ tirẹ̀ nìkan lọ síléèwé lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ọmọ tí kò lẹ́ni tí yóò mú un lọ, a ó wá a kàn, a ó mú un mọ́ tiwa.

Adénrelé, ìwọ tó ń kùn pé ìyá rẹ ra bàtà fún ọmọ ọlọ́mọ, gbọ́ o. Wọn ò bí mi sílé yìí. Ẹ̀gbẹ́ ọjà ni ìyá bàbá rẹ ti rí mi, èmi nìkan, láìsí bàtà. Ó fa bàbá rẹ lọ́wọ́ kan, ó fa èmi náà lọ́wọ́ kejì, ó di iléèwé. Èmi lẹ̀ ń pè ní bàbá lónìí.

Ó yá, dìde. Ìwọ ni kí o mú bàtà náà lọ fún ọmọ náà.